Lẹ́tà Mẹ́rìnlá Tí Mo Pa Rẹ́

Ìyá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó mọ̀wé kà. Fìlà ni wọ́n rán jẹun láti ìgbà ọmọge wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́rẹ́ ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo ọnà ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ojú wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ìka wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìdímù, wọ́n sì wá, tàwọn ti àpò ẹrù méjì àti ìrọ̀rí kan tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé.

Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níwèé nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi ní àwọn máa lọ wò ó. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ máa rójú èèyàn ni, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, á sú wọn. Kò sú wọn. Kí ọdún tó yí po, kò sí ohun tí wọn kì í kà mọ́. Tí a bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n á máa ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan jáde, onígbàjámọ̀, vọ́káníṣà, ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Wọ́n á ka ara àpò ìrẹsì. Wọ́n á ka ara ike oògùn wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dà á sọ́wọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Tíṣà ni èmi náà, ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ẹgbẹ́dá, ọjọ́ ti pẹ́ tí ìwé kíkà ti di iṣẹ́ lásán lójú mi.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n bá mi nídìí láptọ́ọ̀pù mi níbi tí mo ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò.

"Àwọn lẹ́tà inú ẹ̀rọ yìí," ni wọ́n wí, "ṣé wọ́n lè tóbi jù báyìí lọ?"

Mo sọ wọ́n di ńlá. Wọ́n ní kí n tún fi kún un. Mo fi kún un títí lẹ́tà kan fi tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Ìyá mi jókòó tì mí.

"Ó wù mí kí n máa kọ nǹkan," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n bíírò ò gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́, mi ò sì rí ìlà inú ìwé. Tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́, ṣé mo lè máa lò ó?"

Mo ní kò burú. Láptọ́ọ̀pù náà ti gbó, ó máa ń pẹ́ kó tó jí, bọ́tìnnì lẹ́tà B sì máa ń há, ilé ni mo sábà máa ń fi í sílẹ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe máa ṣí ojú ìwé hàn wọ́n, bí wọ́n ṣe máa mú lẹ́tà tóbi, àti bí wọ́n ṣe máa fi iṣẹ́ wọn pamọ́. Wọ́n béèrè pé kí ni àwọn máa dáhùn tí ẹ̀rọ náà bá ń béèrè orúkọ fáìlì. Mo ń kánjú lọ́jọ́ náà.

"Ẹ tẹ ohun tó bá ti wù yín síbẹ̀, Màmá."

Mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ. Fún bí oṣù mẹ́rin, tí mo bá dé láti Ẹgbẹ́dá, mo máa ń bá wọn níwájú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wá lẹ́tà kiri. Wọ́n á tẹ ọ̀kan, wọ́n á sinmi, wọ́n á wá òmíràn. Tí mo bá ti wọlé, wọ́n á pa á dé, wọ́n á ní kí n wá jẹun. Mo gbà pé iṣẹ́ tí tíṣà wọn fún wọn ni.

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ parí, ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí n gba fídíò ayẹyẹ àwọn ọmọ sórí láptọ́ọ̀pù mi, kí n gé e kúrú fún àwọn òbí. Mo dé ilé, mo fẹ́ gbé e sórí rẹ̀, ẹ̀rọ náà ní òun ti kún. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Mo jókòó láti dín ẹrù rẹ̀ kù. Mo pa àwòrán rẹ́, mo pa ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá rẹ́. Nígbà náà ni mo rí àwọn fáìlì kan tí orúkọ wọn ò jọ nǹkan kan: b, bb, bbb, bbbb, títí lọ, èyí tó gùn jù nínú wọn kún ìlà kan. Mo rántí bọ́tìnnì tó máa ń há. Mo sọ fún ara mi pé bọ́tìnnì yìí ló ti ń tẹ ara rẹ̀. Mi ò ṣí ẹyọ kan nínú wọn. Mo kó gbogbo wọn pọ̀, mo pa wọ́n rẹ́.

Garawa ìdọ̀tí kan wà nínú láptọ́ọ̀pù. Ohun tí èèyàn bá pa rẹ́, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, bí ìgbà tí a bá ju nǹkan sínú garawa tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tí ọkàn wa bá yí padà, a lè mú un jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú garawa ṣì ń gba àyè nínú ilé. Mo wò ó, àyè ò tíì tó fún fídíò náà. Mo da garawa nù pátápátá, mo sì gbé fídíò wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tí ìyá mi pè mí. Ohùn wọn ò yí padà rárá.

"Wá wò ó fún mi. Àwọn ìwé mi ò sí níbi tí mo kó wọn sí."

"Ìwé wo, Màmá?"

"Àwọn tí mo kọ. B kan ni àkọ́kọ́. B méjì ni ìkejì. Mo ti dé orí mẹ́rìnlá."

Ọmọ orógùn wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ó ń kán ọbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ wọn ò tíì yé mi, wọ́n wá ṣàlàyé. B ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ "Bàbá". Iye B tí wọ́n bá tẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ èyí tó kàn.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ náà. Mo ṣí garawa, ó mọ́ fónífóní. Mo ṣí ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń to orúkọ àwọn ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí, mo bá gbogbo orúkọ náà níbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, b, bb, bbb. Ara mi yá díẹ̀. Mo tẹ àkọ́kọ́, ó ní òun ò rí fáìlì náà mọ́. Mo tẹ ìkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Orúkọ ló ṣẹ́ kù, kò sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Mi ò ní purọ́, ó ṣe mí bíi kí n sọ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó ti gbó lóòótọ́, wọn ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyá mi dúró lẹ́yìn mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga tí mo jókòó lé, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

"Èmi ni mo pa wọ́n rẹ́, Màmá. Lọ́jọ́ Sátidé. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni. Mo rò pé bọ́tìnnì yẹn ló bàjẹ́."

Wọ́n fi ìka kan orúkọ àkọ́kọ́ lójú ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè ohun kan tí mi ò ní gbàgbé.

"Ṣé bí ìgbà tí korobá já sínú kànga ni, àbí bí ìgbà tí ìwé jóná?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Lọ wádìí ẹ̀," ni wọ́n wí. "Tó bá jẹ́ kànga ni, a máa wá ìwọ̀."

"Kí ló wà nínú wọn, Màmá?"

"Èsì lẹ́tà bàbá ẹ ni." Wọ́n yí padà, wọ́n gbé kẹ́tù, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá.

Bàbá mi ti pé ọdún mẹ́ta nínú sàréè. Ẹ̀rù bà mí, mo rò ó pé bóyá ara àgbà ló ti ń dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ohun tí mo ṣe kò lẹ́tọ̀ọ́ àtimáa bi ẹlòmíràn léèrè bóyá orí rẹ̀ pé.

Mo pe obìnrin kan ní Ìkòtún tó ti bá mi tún ojú láptọ́ọ̀pù náà ṣe rí. Kí n tó parí àlàyé, ó ti dá mi lẹ́kun.

"Àǹtí, ẹ pa á. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn báyìí báyìí. Ẹ má ṣí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ẹ má sì gbé nǹkan kan wọ inú ẹ̀. Ẹ gbé e wá lọ́la bẹ́ ẹ ṣe pa á yẹn."

Mo ti fẹ́ dá lọ ní ọjọ́ kejì. Ìgbà tí mo máa jáde, ìyá mi ti wọ aṣọ, wọ́n ti da ìborùn bo orí, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Inú ilé bàbá rẹ̀ ni obìnrin náà ti ya yàrá iwájú sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Ọmọ onílẹ̀ ni, ilé náà ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé ojú títì yẹn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó fún wọn ní àga tó ní ìrọ̀rí, ó wá kọjú sí mi.

"Kí lẹ ti fi sórí ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti dìlíìtì wọn?"

"Fídíò kan."

"Ṣé ó tóbi?"

"Ó tóbi gan-an."

Ó mí kanlẹ̀. Ó rí i pé ìyá mi ń wo ẹnu òun, ló bá yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, ó ń ṣàlàyé fún wọn bí ẹni pé àwọn gan-an ni oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó rí.

"Màmá, ẹ wò ó bí ilé oníyàrá púpọ̀. Wọ́n kọ orúkọ ayálégbé sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Tí èèyàn bá dìlíìtì fáìlì, kò wó yàrá náà o, orúkọ ara ilẹ̀kùn ló kàn pa rẹ́. Ayálégbé ṣì wà nínú ilé. Ṣùgbọ́n lójú lánlọ́ọ̀dù, yàrá ti ṣófo, tí ẹlòmíì bá dé, á ní kó máa kó ẹrù wọlé. Fídíò tí Àǹtí gbé wọlé yẹn, bí ìdílé ńlá ló ṣe rí. A ò tíì mọ iye yàrá tí wọ́n ti gbà."

Ìyá mi mi orí. "Àwọn tí wọn ò tíì lé jáde ńkọ́?"

"Àwọn yẹn la máa wá, Màmá."

Ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù náà, ó yọ irin pẹlẹbẹ kan tí ẹ̀rọ náà ń kó gbogbo fáìlì pamọ́ sí, tó ṣe bí ìwé àdúrà kékeré, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí àwọn bá rí, orí ẹ̀rọ tòun ni wọ́n máa kó sí, kí ó má baà lọ tún bo òmíràn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìlà aláwọ̀ ewé kan ló ń rìn lójú ẹ̀rọ náà, kò sì yá. Nígbà tí àkókò ìrun Áílà tó, ìyá mi ń wo ojú ọ̀run láti ojú fèrèsé, obìnrin náà sì rí wọn. Onígbàgbọ́ ni, ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Ó mú wọn lọ sí pálọ̀ bàbá rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ tó mọ́ sílẹ̀ fún wọn, ó sì bi wọ́n pé ibo ni kí òun kọjú rẹ̀ sí. Nígbà tó padà dé, ó sọ fún mi láìwo ojú mi pé òun náà ti dìlíìtì àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun rí, pé ọ̀ràn yẹn ló sọ òun di ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé torí kí ojú má tì mí jù ló ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí ìlà aláwọ̀ ewé náà dé òpin, fáìlì tó jáde pọ̀ ju ohun tí mo rò lọ. Gbogbo ohun tí mo ti pa rẹ́ láti ọdún pípẹ́ ló tò síta. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tó ní orúkọ mọ́. Nọ́ńbà ni ẹ̀rọ náà fún gbogbo wọn. Kò sí b kan, kò sí bb.

"Màmá," ni obìnrin náà wí, "ọ̀rọ̀ wo ló dá yín lójú pé ó wà nínú gbogbo ìwé yín?"

Ìyá mi ò ronú rárá. "Bàbá àwọn ọmọ mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ nìyẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀rọ náà pé kó wá a. A dúró. Ọ̀kan yọjú, ó tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan ṣí, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Mo rí ìlà àkọ́kọ́: *Baba awon omo mi, mo ri leta yin gba. Emi naa ni mo ka a funra mi.* Obìnrin náà kò kà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ojú ẹ̀rọ náà yí sọ́dọ̀ ìyá mi, ó sì dìde kúrò nídìí rẹ̀.

"Tiyín nìyí, Màmá. Ẹ wò ó fúnra yín bóyá ó pé. Kò yẹ kí n máa ka ìwé yín."

Mo fẹ́ sún mọ́ wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Obìnrin náà ṣẹ́jú sí mi, èmi náà sì dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe jókòó ní Ìkòtún lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tí wọ́n ń ka ìwé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè wọn ń mì láìsí ohùn. Tí wọ́n bá ka ọ̀kan tán, wọ́n á ní "Ó pé." Mẹ́sàn-án ló pé. Méjì dà bí ìwé tí eku jẹ láàárín. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára, ìparí rẹ̀ dára, àmì tí kò nítumọ̀ ló kún agbedeméjì. Mẹ́ta kò jáde rárá. Obìnrin náà tún un wá lọ́nà mìíràn, ó tún dúró, kò rí nǹkan kan. Fídíò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti jókòó lé wọn lórí.

Ìyá mi fi ìka ka àwọn tó jáde, wọ́n sì mọ àwọn tó kù. "Ìkẹta ò sí. Ìkọkànlá ò sí. Ìkeje náà ò sí." Wọ́n di ìka tí wọ́n fi ka ìkeje mú. "Òun lọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ẹ̀ jù."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, wọn ò ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ orí ìrìn ni. Wọ́n ní kí n dìde.

"O ò mọ̀. Èmi náà ò sì sọ fún ẹ. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ."

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé ìrọ̀rí wọn jáde, ìrọ̀rí tí wọn kì í jẹ́ kí a bá wọn gbé. Wọ́n tú ẹnu rẹ̀, wọ́n kó lẹ́tà jáde láàárín òwú. Ìwé wọn ti pọ́n, etí wọn ti ń ya. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá mi.

Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ni mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá mi gbé ní Jọ́ọ̀s fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n máa ń wálé ní Iléyá nìkan. Mo mọ̀ pé ìgbà náà ni wọ́n bí mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Tíṣà kan ládùúgbò ló ń bá gbogbo obìnrin agboolé ka lẹ́tà. Tí lẹ́tà bá dé, ìyá bàbá mi á ránṣẹ́ pè é, wọ́n á jókòó sórí àga, ìyá mi á jókòó sórí ẹní, tíṣà á sì kà á. Tó bá kà á tán, ìyá mi á sọ èsì, tíṣà á kọ ọ́.

"Mo lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu mi á fi bó," ni ìyá mi wí. "Ìgbà tó bá kà á padà fún mi, ìlà méjì ni. 'Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Àwọn ọmọ ń kí yín.' Ọjọ́ tí mo bí ẹ, òjò ń rọ̀, mi ò rí ẹni rán níṣẹ́, èmi nìkan ni mo gbẹ̀bí ara mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé 'A bímọ, obìnrin ni.'"

Nígbà tí wọ́n mọ̀wé kà, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tú ìrọ̀rí. Wọ́n ka àwọn lẹ́tà náà fúnra wọn láti orí èkíní. Wọ́n wá rò ó pé ìgbà tó jẹ́ pé àwọn ò dá ọkọ àwọn lóhùn nígbà náà, kò ní dára kí àwọn má dá wọn lóhùn títí láé.

Wọ́n fa lẹ́tà keje yọ. Wọ́n fi ìka tẹ ìlà rẹ̀, wọ́n sì kà á sí mi létí. Wọ́n ń kà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ òkúta la odò kọjá.

"'Ìyàwó mi ọ̀wọ́n. Mo ti gba yàrá méjì. Igi máńgòrò kan wà níwájú ilé. Òtútù ń mú níhìn-ín, nítorí náà, ra aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ. Bí lẹ́tà yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, kó àwọn ọmọ, kí o wọ mọ́tò máa bọ̀. Kò wù mí kí n máa dá gbé. Ṣùgbọ́n bí o kò bá fẹ́ wá, kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún mi. N kò ní bínú.'"

Wọ́n gbé e lé orí ẹsẹ̀ wọn.

"Ohun tí tíṣà kà fún mi lọ́jọ́ náà ni pé òtútù ń mú níbẹ̀. Ó ní bàbá ẹ ní kí n máa tọ́jú ìyá àwọn. Mo rántí òtútù yẹn dáadáa, torí ó ká mi lára. Mo ní kí tíṣà kọ ọ́ pé kí wọ́n máa wọ aṣọ tó nípọn. Èsì tí mo fún wọn nìyẹn."

Mo ń rántí ohun tí bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ nígbà ayé wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìyá mi wá kí òun ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, bàbá mi á ní, "Ìyá yín? Ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò nílé." Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá sọ ọ́. Gbogbo àwa ọmọ pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn méjèèjì fi gbé pọ̀ lẹ́yìn tí bàbá mi dé láti Jọ́ọ̀s, bàbá mi ń rò pé ìyàwó àwọn kọ̀ láti wá, ìyá mi ń rò pé wọ́n ní ẹlòmíràn níbẹ̀ tí wọn ò fi pe àwọn. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè.

"Ṣé ìyá àgbà ló ní kí tíṣà fo ibẹ̀ yẹn?" ni mo béèrè.

"Mi ò lè búra. Wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé." Wọ́n ń tọ́ etí lẹ́tà náà. "Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Jọ́ọ̀s ti gbé e lọ. Èmi àti ẹ̀yin ọmọ ló kù sí wọn lọ́dọ̀. Ká ní èmi ni, mi ò mọ̀ bóyá mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á forí jì wọ́n."

"Ẹ ò bínú?"

"Mo bínú. Ìbínú yẹn ni mo kọ sínú ìkeje tó sọnù. Mo fi oṣù kan gbáko kọ ọ́. Mo bú ìyá bàbá ẹ, mo bú tíṣà, mo bú bàbá ẹ gan-an alára pé kí ló dé tí wọn ò fi bi mí lẹ́nu." Wọ́n wo láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì. "Ó dùn mí pé ó lọ, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún máa kọ ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo máa kọ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn tó jáde. Obìnrin Ìkòtún náà ti kó gbogbo ohun tó rí sínú fíláàṣì kan fún wa, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé ohun tó bá ṣe pàtàkì kò gbọ́dọ̀ wà ní ibì kan ṣoṣo. Mo dá fóódà kan sílẹ̀ fún ìyá mi lórí láptọ́ọ̀pù, tiwọn nìkan, mo sì kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ, bí ó ti yẹ kí n kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n. Wọ́n á ṣí nọ́ńbà kan, wọ́n á ka ìlà díẹ̀, wọ́n á wo inú lẹ́tà bàbá mi láti mọ èyí tí ó ń dáhùn, wọ́n á sì tẹ orúkọ rẹ̀: Èkíní. Ìkejì. Ìkẹrin.

Wọ́n ka méjì sí mi létí. Nínú ọ̀kan, wọ́n ń sọ bí eyín àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣe yọ, àti bí òrùlé ṣe jò tí wọ́n gbé ìkòkò mẹ́rin kálẹ̀. Mo yọjú wo ìkejì, mo rí i tí wọ́n kọ *oko mi*, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n dáko nígbà náà ni. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà.

"Ọkọ mi ni mo kọ," ni wọ́n wí. "Ṣé o rí àdá lọ́wọ́ mi rí ni?" Ẹ̀rín pa wá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí a ti rẹ́rìn-ín pọ̀ kẹ́yìn.

Méjì tí eku jẹ yẹn, wọ́n dí àlàfo àárín wọn. Ìkẹta àti ìkọkànlá, wọ́n tún wọn kọ láàárín oṣù kan. Ìkeje pẹ́. Láti ẹnu yàrá mi, mo máa ń rí ẹ̀yìn wọn níwájú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ìrun Àláásárì, ìka kan ń wá lẹ́tà kiri. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n wá bá mi níbi tí mo ti ń ká aṣọ, wọ́n ní àwọn ti ṣe tán, pé kò gùn tó ti àkọ́kọ́. Mi ò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, wọn ò sì sọ.

Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń kó fóódà náà sínú fíláàṣì méjì. Ọ̀kan wà nínú báàgì mi, ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Gowon Estate. Mo máa ń ka iye fáìlì kí n tó kó wọn, mo sì máa ń kà wọ́n lẹ́yìn tí mo bá kó wọn tán. Mẹ́rìnlá. Mo máa ń rí èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìkeje láàárín wọn. Mi ò tẹ̀ ẹ́ rí.